Òdòdó Tí Kò Gbówó, Tí Kò sì Ní Wàhálà: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ti Ebè Yín Àkọ́kọ́

Òjò àkọ́kọ́ kì í tíì gbẹ lẹ́nu ọ̀nà tí fọ́tò á ti máa wọlé sórí fóònù mi. Fọ́tò kan náà ni lọ́dọọdún: iwájú ilé, ilẹ̀ pupa, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti ìbéèrè kan náà lábẹ́ rẹ̀: “Kí ni mo lè gbìn síbí tí kò ní kú, tí kò sì ní jẹ owó mi tán?” Ó ti sú mi láti máa dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn kúkurú rèé. Fún ebè kan tó fẹ̀ tó mítà 1, tó gùn tó mítà 2, oríṣi òdòdó mẹ́rin ti tó: zinnia, marigold, periwinkle àti portulaca. Ẹ máa rí méjì tọrọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó fi irúgbìn bẹ̀rẹ̀ méjì tó kù. Bí owó bá wà lọ́wọ́, ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìyẹ ni kí ẹ ná an lé lórí, ẹ má ná an lórí òdòdó.

Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni mò ń bá wí, níbi tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, tó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tó sì ń dáwọ́ dúró ní òpin oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Chicago, zinnia àti marigold á ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí òtútù tó ń di omi kọjá pátápátá kí ẹ tó gbé wọn síta.

Ohun mẹ́ta tí ẹ máa wò kí ẹ tó ra ohunkóhun

1. Oòrùn. Ẹ jáde lọ wo ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago kan ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ kan náà. Bí oòrùn bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ó tó. Òdòdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ń fẹ́ oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

2. Omi. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ bu omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ilẹ̀ yín kì í fa omi. Ẹ ṣì lè gbin nǹkan síbẹ̀, kìkì pé ebè yín gbọ́dọ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ.

3. Ẹnu. Ta ló ń jẹ̀ kọjá níbẹ̀? Ọjọ́ tí hibiscus mi àkọ́kọ́ tanná ni ewúrẹ́ àdúgbò wọlé, nígbà tí mo fi máa dé, igi lásán ló kù. Bí ẹran bá ń rìn kiri lọ́dọ̀ yín, tí ẹ kò sì ní ọgbà, ẹ fi periwinkle àti marigold bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan korò, èkejì ń rùn, ewúrẹ́ kì í sábà yà sọ́dọ̀ wọn. Adìyẹ ni kò mọ ìyẹn. Adìyẹ kò wá òdòdó wá, ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ló fẹ́ tàn, á sì tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ẹ jìnnà sí ògiri ilé tó ìdajì mítà, kí omi tí ẹ ń bu má máa rin ìpìlẹ̀. Ẹ má sì ṣe ebè sí ibi tí omi òrùlé ti ń ṣàn bọ́ sílẹ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo á gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹ gbìn.

Ẹ rìn yí àdúgbò ká kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dòdó

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọjá lẹ́bàá títì, wọ́n á rí òdòdó tó ń dán nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró. Òdòdó yẹn kò jẹ̀bi, ẹni tó ń tà á náà kò jẹ̀bi. Abẹ́ òjìji ló dàgbà sí, nínú ilẹ̀ tó sanra, wọ́n sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Ọjọ́ tó bá dé ilé yín ló kọ́kọ́ máa rí ilẹ̀ pupa tó le bí àwo. Mo ra rose mẹ́ta bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi di igi ìdáná.

Ẹ rìn káàkiri òpópónà yín dípò bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa wo ìdí ọgbà àwọn ará àdúgbò. Èyí tó ń tanná níwájú ilé tí ẹ mọ̀ pé wọn kì í bomi rin nǹkan, òun ni òdòdó yín. Ilẹ̀ tó gbé e náà ni ilẹ̀ yín, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí yín lórí. Ẹ kan ilẹ̀kùn:

“Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ má bínú, òdòdó yín yìí ló wù mí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè gé ẹ̀ka kan níbẹ̀?”

N kò tíì rí ẹni tó lé mi. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá náà á pè yín wọlé, á tún fi òmíràn kún un, á sì sọ bí ó ṣe gbìn ín fún yín. Ẹ mú ọ̀rá àti ọ̀bẹ mímú lọ. Ẹ má fọwọ́ ya ẹ̀ka igi onígi o.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ẹ mú èyí tó kúrú, tó ní ẹ̀ka púpọ̀, tí òdòdó rẹ̀ kò tíì là. Èyí tó ti tanná kún á rẹ̀ dànù láìpẹ́.
- Ẹ ṣí ewé rẹ̀ wò lábẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú, ẹ fi sílẹ̀, kòkòrò ni.
- Ẹ yí ọ̀rá náà wò nísàlẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti yọ síta gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń yàn

Periwinkle. Kì í ṣe ìṣáwùrú inú ọbẹ̀ o. Òdòdó olójú márùn-ún ni, ó lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì lè funfun. Ẹ ti rí i tó ń hù láti inú kọnkéré tó là. Òun ni mo ń fún ẹni tó bá ní ọwọ́ òun kò dára fún ohun ọ̀gbìn. Ó ń tanná láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé inú ọyẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa á ni omi tó dúró sí i nídìí. Ẹ má ra irúgbìn rẹ̀: ẹ wo abẹ́ èyí tó ti dàgbà, ẹ ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn òjò, ẹ fi ṣíbí hú wọn tòun ti erùpẹ̀. Ìkìlọ̀ kan: ẹ má bá ẹnikẹ́ni sè é lágbo. Inú ewéko yìí ni wọ́n ti ń yọ àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan tí ilé ìwòsàn ń wọ̀n gan-an kí wọ́n tó fún èèyàn. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ife mu.

Zinnia. Ẹni tí kò ní sùúrù, tìrẹ rèé. Ó ń hù láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó ti tanná: pupa, ìyeyè, ọsàn, funfun. Bí ẹ bá ṣe ń gé e wọ inú fáàsì tó ni ó ṣe ń yọ sí i. Ẹ má gbìn wọ́n sún mọ́ra jù. Bí atẹ́gùn kò bá kọjá láàárín wọn nígbà òjò, àbàwọ́n á bo ewé wọn.

Marigold. Méjì ni: gíga, tó lè dé ìbàdí èèyàn, àti kúkurú tí kì í ju àtàǹpàkò dé ìka àárín bí ẹ bá na ọwọ́. Kúkurú ni kí ẹ mú fún ebè kékeré. Orí òdòdó gbígbẹ kan ṣoṣo tí ẹ bá tọrọ, irúgbìn inú rẹ̀ á tó yín. Wọ́n dà bí abẹ́rẹ́ dúdú tó ní ìrù ràkọ̀ràkọ̀.

Portulaca. Ìbátan pápásan ni, ẹ wo igi rẹ̀ tó lómi lára. Ilẹ̀ ló ń fà lé. Ó máa ń là nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì máa ń pa ojú dé tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà bí ẹ bá ń jáde ní ìdájí tí ẹ ń wọlé lálẹ́, ẹ kò ní rí òdòdó rẹ̀ àfi lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ gé e tó ìka kan, ẹ tì í bọ ilẹ̀, ó parí.

Tannápoṣó ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbìn dípò rẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, òórùn rẹ̀ á sì gba iwájú ilé kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ hóró rẹ̀ dúdú, ó rí ríbítí bí iyèré, májèlé sì ni bí ọmọ bá jẹ ẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ náà kò ṣeé jẹ. Ilé tí ọmọ kéékèèké bá wà, ẹ fò ó.

Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí owó rẹ̀ tán pátápátá ni mo ń rán lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn ẹ̀fọ́ lọ́jà. Ẹ gbìn ín, ẹ já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi ìyókù sílẹ̀ kó tanná. Òdòdó rẹ̀ á nà ṣóńṣó sókè bí àbẹ́là, á máa dán bíi fàdákà tí wọ́n ta pupa sí. Àwọn tó pupa fòò, tí orí wọn rí bí ogbe àkùkọ, ìdílé kan náà ni wọ́n. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ fi yanrìn gbígbẹ lú u kí ẹ tó wọ́n ọn.

Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi tí omi ń dúró sí, ẹ wá ìdò. Ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀ kan tó ní ojú, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín mọ́. Ó ga, ẹ̀yìn ni kó wà.

Ní ti òjìji, ẹ gbàgbé òdòdó, ewé aláwọ̀ ni kí ẹ gbìn. Caladium ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Oje rẹ̀ ń ta èèyàn lẹ́nu, kí ọmọ má fi í ṣeré.

Igi eléwé bíi hibiscus, ixora tàbí bougainvillea, ẹyọ kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní igun. Bí wọ́n bá dàgbà tán, wọ́n á gba gbogbo ebè lọ́wọ́ àwọn tó kù. Bougainvillea tún ní ẹ̀gún, ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aṣọ ti ń gbẹ.

Mẹ́ta tí mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú wálé: rose, nítorí ohun tí mo ti sọ, oleander, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ni májèlé, ewé àti igi, àti jogbo, òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń gba ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ó lẹ́wà o. Ẹ fi sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe ebè

1. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin, ẹ ta okùn yí i ká. Ìbú rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju mítà 1 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ògiri tàbí ọgbà bá dí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dín in kù sí 60 sẹ̀ǹtímítà.
2. Ẹ hú koríko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kan ló wà níbẹ̀, ẹ ṣa gbogbo gbòǹgbò funfun rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á padà wá.
3. Ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ṣa òkúta, ọ̀rá àti sìmẹ́ńtì tó ti dì.
4. Ẹ da ike ọ̀dà ńlá mẹ́ta ilẹ̀ dúdú (ilẹ̀ àtìtàn tó ti jẹrà dáadáa) sí i, pẹ̀lú ike ọ̀dà kékeré kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́. Ẹ pò ó pọ̀.
5. Ẹ gbé e ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀, kí orí rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí ìgò tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ ṣe etí rẹ̀.
6. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èpò á kọ́kọ́ hù. Ẹ fà á tu. Ìgbà yẹn ni ẹ tó gbin nǹkan.

Lórí ìgbẹ́ adìyẹ: ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò náà. Bí ó bá ṣì gbóná, tàbí tí òórùn rẹ̀ ń ta imú, kò tíì tó. Èyí tí kò tíì pẹ́ á jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ sábẹ́ nǹkan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ rọ̀ jù ú lọ, ẹ lè lò ó rọ́pò.

Irúgbìn: nínú ọ̀rá pure water

1. Ẹ gé orí ọ̀rá náà, ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i.
2. Ẹ bomi rin ilẹ̀ náà kí ẹ tó fi irúgbìn sí i. Bí ẹ bá fi sí i tán kí ẹ tó da omi, omi á gbé e lọ.
3. Ẹ fi hóró méjì sí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Zinnia àti marigold, ẹ fi erùpẹ̀ bò wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó ìdajì èékánná. Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ àti portulaca, orí ilẹ̀ ni, ẹ kàn fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Periwinkle ni ẹ máa bò dáadáa, òkùnkùn ló fẹ́ kó tó hù.
4. Bí wọ́n bá ti yọ, ẹ sún wọn sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ gé èyí tí kò lágbára nínú méjì kúrò, ẹ má fà á.
5. Nígbà tí ewé gidi mẹ́rin bá yọ, ẹ gbé wọn sórí ebè ní ìrọ̀lẹ́, tòun ti ilẹ̀ ìdí wọn.

Lórí ebè, zinnia ló ń wà lẹ́yìn, marigold àti periwinkle láàárín, portulaca létí. Ẹ fi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ara wọn. Portulaca, 15 ti tó. Ẹ má pò wọ́n bí àdàlù: mẹ́ta mẹ́ta oríṣi kan náà ni kí ẹ gbìn pọ̀, ojú á rí i dáadáa láti òkèèrè.

Ẹ̀ka tí ẹ gé wá

1. Ẹ yan ẹ̀ka hibiscus tó nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ gé e tó ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, lábẹ́ oríkèé kan.
2. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ tẹ́jú. Kò sí ohun méjì tó fà á ju pé kí ẹ má baà gbin orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti ṣe é rí.
3. Ẹ já gbogbo ewé rẹ̀ àfi méjì tó wà lókè.
4. Ẹ ti ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀ níbi tí òjìji díẹ̀ wà, kí oríkèé méjì ó kéré tán wà nísàlẹ̀.
5. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má máa fà á wò. Ó lè rúwé kí gbòǹgbò tó yọ, nítorí náà ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó gbé e.

Bougainvillea ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀ sì ni wọ́n á mú nínú rẹ̀. Ẹ gbin márùn-ún bí ẹ bá fẹ́ méjì.

Àṣìṣe tí mò ń rí jù

*Omi púpọ̀.* Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù, ẹ padà sílé. Ìdí igi ni kí ẹ da omi sí. Ewé zinnia tó tutù mọ́jú á ní àbàwọ́n.

*Ìgbẹ́ púpọ̀.* Ewé dúdú mìnìjọ̀, òdòdó kò sí. Marigold ló ń ṣe èyí jù. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì ní sùúrù.

*Oríṣi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.* Ẹ kò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tó kàn rí bẹ́ẹ̀.

*Gbígbìn ní oṣù kejìlá.* Gbogbo èèyàn fẹ́ kí iwájú ilé dára fún Kérésì. Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ni kí ẹ ti gbin zinnia àti marigold bí ẹ bá fẹ́ bá ọdún, kí òjò ìkẹyìn lè bá yín tọ́ wọn. Ẹ máa gé orí tó bá ti rẹ̀, òmíràn á yọ.

*Oògùn kòkòrò ní ọjọ́ àkọ́kọ́.* Tata mélòó kan? Ẹ fọwọ́ mú wọn láàárọ̀ kùtùkùtù, òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n lè fò. Ẹ ṣa ìgbín lálẹ́ pẹ̀lú iná fóònù. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fọ́n ọn sí wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé

Zinnia, marigold àti ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ máa kú. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Periwinkle á dúró bí ẹ bá ń bu omi díẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ilẹ̀ ebè náà kí oòrùn má baà jó o, àmọ́ kó má kan ìdí igi. Ikán fẹ́ràn ibẹ̀.

Kí wọ́n tó gbẹ tán, ẹ yan orí òdòdó tó dára jù, ẹ jẹ́ kó gbẹ di àwọ̀ ilẹ̀ lórí igi. Ẹ fọ́ ọ sórí bébà, ẹ sá a lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ kó o sínú àpòòwé. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá, á làágùn, á sì bu. Ẹ kọ orúkọ àti oṣù sí ara àpòòwé náà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí tí n kò kọ nǹkan kan sí. Mo máa gbìn ín ní oṣù kẹrin, ìgbà yẹn ni n ó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.